Ibi Tí Ọmọ Fàósátù Yóò Sùn

Ọmọ náà ti lo ọjọ́ mẹ́fà gbáko láyé, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì tíì kan ibùsùn kankan. Láti ọwọ́ ìyá agbẹ̀bí ló ti bọ́ sọ́wọ́ ìyá bàbá rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì wà. Bí ebi bá pa á, wọ́n á gbé e fún ìyá rẹ̀ kó fún un lọ́mú. Bó bá ti yó tán, tí ètè rẹ̀ ṣì ń mì pẹ́pẹ́ bíi ti ẹni tó ń lá oyin lójú oorun, ìyá àgbà á tún na ọwọ́ méjèèjì.

"Gbé e wá. Ìwọ lọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀."

Sàúdátù lorúkọ ìyá àgbà yìí, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wọn ní Múṣin, Ìyá Mùktárù ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, yàrá márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, láyé ìgbà tí ọ̀nà iwájú ilé ṣì jẹ́ ipa ẹsẹ̀ láàárín oko ẹ̀gẹ́. Ní báyìí mọ́tò ń gba ibẹ̀, ayálégbé ló kún àwọn yàrá ẹ̀yìn, Mùktárù ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà sì ń gbé yàrá àti pálọ̀ iwájú pẹ̀lú Fàósátù ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni Fàósátù fi wà nílé ọkọ kí oyún tó dúró sí i lára. Nígbà tí ọmọ náà wá dé, obìnrin, tí irun kún orí rẹ̀ bámú bí ẹni tó ti ń múra ìrìn àjò náà tipẹ́, ẹkún àti ẹ̀rín jọ bọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

Àṣà kan wà nínú ilé náà. Obìnrin tó bá dàgbà jù níbẹ̀ ló máa ń tẹ́ ọmọ tuntun sílẹ̀. Ibi tó bá sì kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí, ibẹ̀ ni ọmọ yóò máa sùn títí wọn yóò fi já a lẹ́nu ọmú. Ẹnikẹ́ni kì í yí i padà. Kò sì gbọdọ̀ kọjá ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ, nítorí ohun tí àwọn àlejò máa ń kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n bá wọlé ni pé níbo ni ibùsùn ọmọ wà, kí wọ́n lè ṣe àdúrà sí i. Ìyá ọkọ Sàúdátù ló tẹ́ Mùktárù sílẹ̀ nígbà tirẹ̀. Ní báyìí ó ti kan Sàúdátù, ọ̀la sì ni ọjọ́ kẹjọ.

Àwọn ará ilé ní ìfẹ́ ọmọ ló ń pa á tí kò fi lè gbé e sílẹ̀. Ó ń gbọ́ wọn, kò sì já wọn nírọ́. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló gùn ún léjìká.

Láàárọ̀ ọjọ́ keje náà, Mabel ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, Ìyá Túbọ̀sún ni wọ́n ń pè é, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìjọra, yàrá kẹta lápá òsì ni wọ́n sì ń gbé. Ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan rí kó tó lọ́kọ, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

"Màmá, ẹ kú ọwọ́ lómi o."

"A dúpẹ́, Ìyá Túbọ̀sún."

"Ojú yín ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, Màmá. Bẹ́ ẹ bá tún ṣe báyìí di ọ̀la, ẹ̀yin la máa gbé sí ibi tí à ń wá fún ọmọ." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan kalẹ̀, apẹ̀rẹ̀ fífẹ̀ tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ hun. "Èyí ni Túbọ̀sún fi sùn. Mo ti sá a sóòrùn. Ẹ tẹ́ aṣọ sí i, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ gbé e sí ìdí fèrèsé kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì wa, ọmọ kì í bá ẹnikẹ́ni sùn pọ̀."

"Ìdí fèrèsé tí ológbò Bàbá Kọ́lápọ̀ ti yàrá ẹ̀yìn ń gbà wọlé láràárọ̀?"

"Ẹ ó ti fèrèsé ni, Màmá."

"Atẹ́gùn á wá gba ibo wọlé?"

Ọmọ́níkẹ́, àbúrò Ìyá Mùktárù, tó ń ta àwo ní ọjà Ojúwòyè, ti wà lórí àpótí kan láti àárọ̀, ó ń bá wọn ṣa ẹ̀wà tí wọ́n máa sè fún àlejò. Ó rẹ́rìn-ín sínú igbá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ọmọ yìí ẹ jẹ́ á sinmi. Orí ẹní ni èmi àti ẹ̀yin ti dàgbà."

"Ẹní? Ṣé ìjàlọ kọ́ ló tò gba inú pálọ̀ yìí kọjá lọ́jọ́ Jímọ̀, bí ẹni ń lọ sí Yídì?"

"Ó dáa. Ẹ gbé e lé orí yín nígbà náà, kẹ́ ẹ wé gèlè mọ́ ọn."

Mabel rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìyá Mùktárù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lábẹ́ orí ọmọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Mùktárù fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó gbé nǹkan kan mọ́ àyà, ó ta aṣọ bò ó. Ó gbé e kalẹ̀ sáàárín pálọ̀, ó ṣí aṣọ náà, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun yóò sọ tẹnu ara rẹ̀.

Àpótí ni, igi pupa. Pákó tí wọ́n fi ń di ẹrù wá láti òkè òkun ló lọ ṣà ní Ìjọra, ó sì ti fá a títí ó fi ń dán. Ó gbẹ́ eyín sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi eyín bọ eyín, kò lo ìṣó kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń yọ́ ọ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ oníbàárà.

Mabel wúkọ́. Ọmọ́níkẹ́ na ọrùn, ó wo inú àpótí náà, ó tún wo ojú Mùktárù.

"Mùktárù, ta ló kú?"

"Àǹtí!"

"Mo béèrè ni. Ó gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, pákó yí i ká. Ìdérí nìkan ló kù."

"Àwọn tó lówó lọ́wọ́ ní Yábà ń bẹ̀ mí kí n ṣe irú ẹ̀ fún wọn."

"Kí wọ́n lọ sùn sínú ẹ̀."

Ìyá Mùktárù kò dá sí àwàdà náà. Ó dìde tòun tọmọ, ó lọ dúró lórí àpótí náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga dé orúnkún. Ó wo inú yàrá lọ́hùn-ún, níbi tí bẹ́ẹ̀dì onírin Fàósátù wà, ó sì tún wo àpótí.

"Bí ìyá rẹ̀ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé yóò rí i nínú ẹ̀?"

"Yóò dìde wò ó ni, Màmá."

"Fàósátù? Yóò dìde?"

Ẹ̀rín tún bẹ́. Gbogbo ilé ló mọ oorun Fàósátù. Ní ọdún tó kọjá, lọ́rí kan tí bíréèkì rẹ̀ já gbá ọgbà ilé wọn wó lọ́sàn-án gangan. Gbogbo àdúgbò sá jáde, Fàósátù sì sùn ún já.

"Ìyàwó mi yìí," ni Mùktárù wí, inú rẹ̀ dùn pé ẹ̀rín ti kúrò lórí àpótí òun, "bí wọ́n bá gbé e tòun ti bẹ́ẹ̀dì lọ sí Ìgànmú, ibẹ̀ ni yóò jí sí, yóò ní ta ló yí ojú fèrèsé padà."

Fàósátù, tó jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì í díẹ̀.

"Kò ju ibì kan lọ tó kù," ni Ọmọ́níkẹ́ wí. "Kó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ kọ́ ni gbogbo wa sùn?"

"Rárá."

Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu Ìyá Mùktárù débi pé ọmọ ta gìrì lójú oorun, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mabel gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mùktárù ti àpótí náà sí kọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú ẹsẹ̀.

"Màmá," ló rọra wí, "Àlùfáà Tìrìmísíyù tó máa sọ ọmọ lórúkọ ò ní í pẹ́ẹ́ dé láàárọ̀ ọ̀la."

"Mo gbọ́."

Ohun tí kò sọ fún wọn, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí, nìyí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tó ti bí ọmọ kan ṣáájú Mùktárù. Sìmíátù ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí lórí àkéte, ibẹ̀ ló sì sùn fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ní ìdájí ọjọ́ kan, Sàúdátù la ojú, ó sì rí i pé ọmọ náà kò mí mọ́. Kò sàìsàn ṣáájú, kò sunkún. Ara rẹ̀ ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn àgbà ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò pariwo, kò tilẹ̀ wò ó lójú, ó kàn sọ pé, "Ẹni tí oorun rẹ̀ wúwo tó báyìí, kí ni kò ní í mú kó sùn lé ọmọ?"

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Obìnrin náà ti kú tipẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò bá a kú. Sàúdátù gbà á gbọ́, nítorí ara ọmọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn. Ó dá a lójú pé ooru ara òun ni, pé òun ló bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó bí Mùktárù, tí ìyá ọkọ rẹ̀ tún tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọdún kan àbọ̀ ló fi sùn lórí ìjókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ lé ògiri. Ní báyìí, ọmọ Mùktárù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá ọmọ náà sì jẹ́ ẹni tí lọ́rí kò lè jí. Báwo ni òun yóò ṣe fi ọwọ́ ara òun tẹ́ ẹ síbẹ̀?

Lẹ́yìn ìrun Àyìlà, ilé pa lọ́lọ́. Mùktárù ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Ọmọ́níkẹ́ ti lọ wo ọjà rẹ̀, Fàósátù sì ti fún ọmọ lọ́mú, ó ti wọ yàrá lọ sùn. Ìyá Mùktárù jókòó nínú àga ńlá inú pálọ̀, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ náà sórí itan, ó ń fi ọwọ́ kan ka tẹ̀sùbáà.

Ó wò ó. Ọjọ́ méje ló ti ń wò ó, kò sì tíì sú u. Èékánná rẹ̀ dà bí ìpẹ́ ẹja wẹ́wẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ọjọ́ tí wọ́n hù. Etí rẹ̀ kan ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ewé tí kò tíì ṣí tán. Lókè iwájú orí, níbi tí eegun kò tíì pàdé, àwùjẹ̀ ń lù kì, kì, kì lábẹ́ awọ, bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú lọ́hùn-ún tó ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìka kékeré. Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. Ẹni tí kò tíì lórúkọ, tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń mí. Ta ló kọ́ ọ? Ó tún ka tẹ̀sùbáà kan. Ó ka òmíràn. Ọ̀run ṣú, atẹ́gùn tútù kan wọlé, ó sì fẹ́ sí i lójú.

Ìgbà tó la ojú, itan rẹ̀ ṣófo.

Ó fọwọ́ tẹ itan, bí ẹni pé ojú ló ń tan òun jẹ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ àga. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ ló rí nílẹ̀. Ó wo inú àpótí Mùktárù ní kọ̀rọ̀, òfìfo. Òjò ti ń rọ̀, páànù ń ké gbogbo ẹnu, òun kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá kọ́tìnnì yàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Fàósátù dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì onírin, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń hanrun. Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Mùktárù gbé ẹsẹ̀ láti sáré já ọmọ náà gbà, ẹsẹ̀ kejì kò sì tẹ̀ lé e. Ó di ìdí bẹ́ẹ̀dì mú. Ojú rẹ̀ ń wá àmì kan ṣoṣo, bóyá aṣọ tó bo àyà ọmọ náà ń gòkè. Ó gòkè. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gòkè. Ó jókòó sórí àpótí aṣọ tó wà nítòsí, ó sì ń wò wọ́n.

Àrá sán, ó mì fèrèsé. Fàósátù ń hanrun. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, abọ́ irin kan já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ǹtì títí ó fi dúró. Fàósátù ń hanrun. Ìyá Mùktárù ti ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ẹ wò ó, ẹ wo ohun tí mò ń wí, nígbà tí ọmọ náà ṣe bíi "ẹ̀h." Kì í ṣe ẹkún. Kò tó ohùn eku. Bí kì í bá ṣe pé ó ń wo ètè rẹ̀, kò ní í mọ̀ pé ohùn jáde.

Ìhanrun dúró.

Ojú Fàósátù kò là. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ó lọ tààrà sórí àyà ọmọ náà láìwá a, láìṣì í, ó dúró níbẹ̀ fẹ́rẹ́ bí ewé tó balẹ̀ sórí omi. Ọmọ dákẹ́. Ọwọ́ náà padà. Ìhanrun tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbà kò mọ̀ pé òun ti dìde. Nígbà náà ló tó rí bí obìnrin yìí ṣe dùbúlẹ̀. Ó ká orúnkún sókè sábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ, ó ká apá sókè lórí orí ọmọ, ọmọ náà sì wà láàárín bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ méjì ká iná fìtílà mọ́. Ta ló kọ́ òun náà? Ọmọdébìnrin tí kò bímọ rí, tó ń sùn bí àpò gaàrí, ta ló sọ fún ara rẹ̀ pé báyìí ni kó ṣe?

Ó fẹ́ mọ̀ dájú. Ó na ọwọ́, ó rọra ki ìka bọ abẹ́ ẹ̀yìn ọmọ náà bí ẹni fẹ́ gbé e.

Ọwọ́ Fàósátù di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú gbáà. Ojú rẹ̀ ṣì pa dé. Ọwọ́ náà le, Ìyá Mùktárù kò mọ̀ pé irú agbára yẹn wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú wá là, díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

"Màmá?" Ó rí ohun tí ọwọ́ òun dì mú, ó sì já a sílẹ̀ kíá. "Yéè, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, n ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Ìwọ lo gbé ọmọ lórí itan mi?"

"Èmi ni. Ẹ má bínú. Ó ti ń yọ̀ lọ sílẹ̀."

"O ò sùn ni?"

"Mo sùn, Màmá."

"Ó sunkún?"

"Kò sunkún. Bó bá sunkún, ẹ̀yin náà ì bá jí."

"Kí ló wá jí ọ?"

Fàósátù ronú. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "N ò mọ̀. Mo kàn bá ara mi lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yín, ọwọ́ mi sì ti wà lábẹ́ orí rẹ̀." Ó wo fèrèsé. "Òjò rọ̀ ni?"

Ìyá Mùktárù fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ ọ́. Ó sọ nípa Sìmíátù, nípa àkéte, nípa ìdájí ọjọ́ náà àti ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́ púpọ̀ láti sọ. Ohun tó ti gbé fún ọgbọ̀n ọdún, kò gbà ju ìgbà tí òjò fi dáwọ́ dúró lọ. Nígbà tó parí, Fàósátù bi í léèrè, kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ tù ú nínú, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni.

"Màmá, kí ló wá jí yín lọ́jọ́ náà?"

"Kí ló jí mi?"

"Ẹ ní oorun yín wúwo."

Ìyá Mùktárù ronú padà sí ìdájí ọjọ́ náà. Kì í ṣe ìpè àdúrà, ilẹ̀ kò tíì mọ́ débẹ̀. Àkùkọ kò tíì kọ, ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ó rántí pé òkùnkùn ṣì wà. Ó rántí pé ojú òun là gbàgà, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, àti pé ọwọ́ òun ti wà lórí àyà ọmọ náà kí ojú tó là. Lórí àyà. Kì í ṣe ara rẹ̀ ló wà lórí ọmọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni, fẹ́rẹ́, bí ewé tó balẹ̀ sórí omi. Ohun tó jí i ni ìdákẹ́jẹ́. Ohùn mímí kékeré kan tí etí rẹ̀ ti ń gbọ́ lójú oorun fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún ti dáwọ́ dúró, gbogbo ara rẹ̀ sì gbọ́ pé ó dáwọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò pẹ́ kó tó jí. Ojú ẹsẹ̀ ló jí.

Ó kàn jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ rí.

"Màmá?"

"Kò sí nǹkan." Ó wo ọmọ náà, ó ní, "Mo wà níbẹ̀, Fàósátù. Nígbà tó ń lọ, mo wà níbẹ̀."

Fàósátù gba ọwọ́ náà, ó fi bo ẹsẹ̀ ọmọ. Omi òjò tó kù ń kán láti etí páànù, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn Àlàásárì, nígbà tí Mùktárù ti ṣọ́ọ̀bù dé, ìyá rẹ̀ dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà.

"Tú ẹ̀gbẹ́ kan kúrò."

"Ẹ̀gbẹ́ wo, Màmá?"

"Èyí tó máa kọjú sí ìyá rẹ̀. Kó o sì fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, kó ga dọ́gba pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, kó o so ó mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì gbọin-gbọin, kó má yẹ̀."

Mùktárù wo àwọn igun tó fi eyín bọ. "Màmá, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe igun yẹn. N ò lo ìṣó kan."

"Mo rí i. Iṣẹ́ gidi ni. Tú u."

Ó tú u. Ó ń kùn bó ṣe ń tú u, ṣùgbọ́n nígbà tó ti àpótí náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí pákó rẹ̀ àti orí bẹ́ẹ̀dì wá tẹ́ dọ́gba, tí ọwọ́ sì lè rìn láti ibì kan dé ibì kejì láìgun òkè, ó dákẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ó ní ibi tirẹ̀," ló wí fún ara rẹ̀, "ó sì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀." Ọmọ́níkẹ́ tó ti ọjà dé wọlé wò ó.

"Ó ti kúrò ní pósí," ló wí. "Ó ti di ilé."

Kí oòrùn tó wọ̀, Ìyá Mùktárù ṣe àlùwàlá, ó gbé ọmọ náà. Mabel dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé nẹ́ẹ̀tì tó yọ lórí apẹ̀rẹ̀ Túbọ̀sún lọ́wọ́. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ọmọ náà sórí aṣọ funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kan ibùsùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti wáyé. Ọwọ́ ìyá àgbà ṣì wà lábẹ́ orí rẹ̀. Ó fa ìka kan yọ. Ó dúró. Ó fa èkejì. Ìka ìkẹyìn ló pẹ́ jù. Nígbà tó yọ ọ́ tán, ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó yí ojú sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, bí ẹni tó ti mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀.

"Bísímílàhì," ni Ìyá Mùktárù wí. Ó wọ yàrá tirẹ̀ lọ, ó tẹ́ ẹní, ó sì na gbogbo gígùn ara rẹ̀ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àlejò ti ń dé, òun kò tíì jí. Wọ́n gbé àga kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì Bàbá Kọ́lápọ̀ ń pariwo. Ọmọ́níkẹ́ ń bá àwọn tó ń se ẹ̀wà jà ní ẹ̀yìnkùlé, Àlùfáà Tìrìmísíyù wọlé pẹ̀lú ọmọ kéwú mẹ́fà, wọ́n kí gbogbo ilé ní ohùn kan ṣoṣo. Ìyá Mùktárù ń hanrun. Títí dé pálọ̀ ni wọ́n ń gbọ́ ọ.

"Ẹ jẹ́ n jí wọn," ni Mùktárù wí, ojú ń tì í níwájú àlùfáà.

Fàósátù fi ọwọ́ dá a dúró. Nínú yàrá lọ́hùn-ún, nínú àpótí ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ọmọ náà ṣe bíi "ẹ̀h," kò tó ohùn eku. Nínú gbogbo èrò pálọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ àfi ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn ògiri, ìhanrun dúró. Wọ́n gbọ́ tí ẹní dún. Ìyá Mùktárù yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, gèlè rẹ̀ wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ kò tíì là tán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti nà síwájú.